Títún inú ilé ṣe lówó pọ́ọ́kú láìba àyíká jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fáwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Òkè-Àrò, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lẹ́bàá FUTA, ìdílé tó kó wọ ilé tí kò tíì parí ní Ọ̀bà-Ilé: irú wọn la ní lọ́kàn. Ẹ ò ní rí iye owó púpọ̀ níbí, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ìwọ̀n la kọ, kí ẹ lè fi nájà fúnra yín.

Kí ló ń jẹ́ títún ilé ṣe láìba àyíká jẹ́? Ṣé ọjà pàtàkì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ rà ni?

Rárá o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé nǹkan náà ti wà nílé tẹ́lẹ̀? Àga tí ẹ tún ṣe kò gé igi tuntun, kò sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ṣáínà. Bí kò bá sí nílé, ṣé ẹlòmíì ti lò ó rí, tó sì fẹ́ jù ú nù? Bí ìyẹn náà kò bá sí, ṣé a lè rí i ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí: pákó, ọparun, ẹní, amọ̀? Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá kọ̀ ni kí ẹ tó ra tuntun, kó sì jẹ́ èyí tí yóò pẹ́.

Wọdiróòbù HDF máa ń dán lójú, àmọ́ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi bá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Bí ìṣó ilẹ̀kùn rẹ̀ bá yọ, ihò náà kì í di ìṣó mú mọ́. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́fà ti ná owó igi gidi, kò sì ní igi gidi nílé.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó nǹkan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ kó gbogbo ẹrù yàrá náà síta fún ọjọ́ kan, ẹ gbá inú rẹ̀, ẹ fọ gíláàsì fèrèsé tinú-tòde. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa kó ohun tí ẹ ń lò padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò bá padà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yàrá tí wọ́n ní ó kéré, ẹrù ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ooru àti atẹ́gùn, kó tó kan iná, ògiri àti aṣọ. Àga, tó jẹ́ pé òun làwọn èèyàn ń sáré rà, ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ìdí ni pé òjò Àkúrẹ́ máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ohunkóhun tí ẹ bá sì kùn tàbí lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń mu omi yóò já bọ́ kí ọdún tó yí po. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí òkè sílíìnì. Ojú ìṣó páànù ni omi sábà máa ń gbà wọlé, nítorí rọ́bà ìdí ìṣó náà ti gbẹ, ó sì ti sán. Ìṣó tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ kò wọ́n tó sílíìnì tuntun.

Ìsàlẹ̀ ògiri mi ń bó, ó sì ń yọ nǹkan funfun bí iyọ̀. Ọ̀dà wo ni kí n fi bò ó?

Kò sí ọ̀dà tó lè bò ó. Iyọ̀ ni nǹkan funfun yẹn lóòótọ́: omi ń fà láti inú ilẹ̀ gòkè gba inú búlọ́ọ̀kù, ó ń gbé iyọ̀ ilẹ̀ dání, bí omi bá sì gbẹ, iyọ̀ á kù sójú ògiri, á gbèrú, á ti ọ̀dà kúrò. Bí ẹ bá kun ọ̀dà olóróró lé e tàbí tí ẹ lẹ táìsì mọ́ ọn, omi náà kò ní dúró, òkè ni yóò tún gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí ògiri tó ń bó ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́dún tó kọjá fi ń bó ní mẹ́rin báyìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú-lóòró, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀rá, níhà ọ̀dọ̀ yín, lomi wà, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ní omi nínú jù. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má ṣe sá aṣọ tutù nínú ilé mọ́.

Bó bá jẹ́ ti inú ògiri, ìta niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Yẹ̀pẹ̀ tí òjò ti gbá jọ sídìí ògiri fún ọdún mẹ́wàá ló sábà máa ń fa wàhálà yìí, ṣọ́bìrì nìkan sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà dà kúrò lọ́dọ̀ ilé, kí omi òrùlé má máa já sídìí ògiri, kí ẹ sì yẹ páìpù balùwẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ha gbogbo ibi tí a rẹ́ sí ògiri náà kúrò títí dé sẹ̀ǹtímítà 30 lókè àmì omi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ náà, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, omi ni yóò tún dá a padà sínú ògiri. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ lásìkò ọyẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bí bíríkìlà bá fẹ́ tún un rẹ́, yanrìn tí wọ́n ti fọ̀ ni kó lò, òṣùwọ̀n yanrìn mẹ́fà sí sìmẹ́ǹtì kan. Sìmẹ́ǹtì àpọ̀jù kò mú un lágbára, ńṣe ló ń dínà mọ́ omi tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Ọ̀dà olómi nìkan ni kí ẹ fi kùn ún, kí wọdiróòbù àti àga sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí i.

Ọ̀dà mélòó ni yóò tó yàrá kan, irú èwo ni kí n sì rà?

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ṣírò. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ mítà 3.6, gíga rẹ̀ mítà 3. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 43. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì kúrò, ó ku nǹkan bíi 38. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì sọ ọ́ di 76. Lítà kan ọ̀dà olómi máa ń kun mítà onígun mẹ́rin 6 sí 8 lára ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa, torí náà lítà 10 sí 13 lẹ nílò. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 mẹ́ta sábà máa ń tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 tí pẹ́ńtà ní kí ẹ rà yóò ṣẹ́kù; bí yàrá bá jẹ́ méjì, ẹ rà á, ó dínwó. Bí ó bá jẹ́ kan ṣoṣo, ilé pẹ́ńtà ni ìyókù ń lọ.

Ọ̀dà olómi ló dára jù fún ògiri inú ilé, kò rùn púpọ̀, omi lásán la sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òórùn ọ̀dà olóróró kì í ṣe òórùn lásán, kẹ́míkà ni, ó ń dá orí fífọ́ àti èébì sílẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó fún ilẹ̀kùn, ẹ má sùn sí yàrá yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, pàápàá tí aboyún tàbí ọmọ kékeré bá wà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àbùlà. Kíkùn àkọ́kọ́ lè gba omi díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá, àmọ́ bí wọ́n bá bù ú kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dà á di ẹfun. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọwọ́ yín bá funfun, àbùlà ni.

Ọ̀rọ̀ òjé tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ olóróró tó wà lára ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò sí ìwọ̀n kékeré rẹ̀ tí kò léwu. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi sáńpépà omi ha á, ẹ nu ẹ̀rúnrún rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, ẹ di àkísà náà mọ́ ọ̀rá, kí àwọn ọmọ sì ti kúrò nítòsí.

Ṣé mo lè fi ilẹ̀ pupa ṣe ọ̀dà fúnra mi?

Ẹ lè ṣe é, ó sì ń rẹwà: pupa rúsúrúsú tí kì í dán. Ara ògiri tó gbẹ, tí omi kì í kàn, nìkan ni o. Kò yẹ fún ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀.

Ẹ wa ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, níbi tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kò dé. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ẹ po ife sítáàṣì ẹ̀gẹ́ méjì mọ́ ife omi tútù mẹ́rin kó má ní kókó, ẹ dà á sínú ife omi híhó mẹ́fà, ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi dán bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ fi ife omi mẹ́rin sí i. Nígbà tó bá tutù, ẹ máa bu ilẹ̀ náà sí i díẹ̀díẹ̀, ife mẹ́rin sí mẹ́fà, títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ kun ibi kékeré wò lákọ̀ọ́kọ́, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Bó bá ń sán, ilẹ̀ yín ní amọ̀ jù. Ẹ fi yanrìn kíkúnná ife kan sí i. Bó bá ń ta eruku sọ́wọ́, sítáàṣì kò tó. Ojúlówó ìwọ̀n yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdánwò fi ṣe pàtàkì.

Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí. Yóò kan lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé á sì máa rùn bí omi ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Ilé alámọ̀ àtijọ́ la jogún. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ń já bọ́ ní odindi.

Amọ̀ ń wú, ó ń súnkì, sìmẹ́ǹtì kò lè bá a rìn. Omi tó bá sì há sáàárín wọn ń sọ amọ̀ inú di ẹrẹ̀. Ẹ ṣí èyí tó ti bọ́ kúrò, ẹ fi amọ̀ rẹ́ amọ̀: ilẹ̀ alámọ̀ ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, koríko gbígbẹ tí a gé kéékèèké. Ẹ rin ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Kí ó má nípọn ju íǹṣì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Ilé amọ̀ tutù ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ní in kò ní láti tijú rẹ̀.

Sílíìnì àtijọ́ ti burú lójú. Ṣé kí n fọ́ ọ?

Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ní sílíìnì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ojú lásán kò sì lè fi dá a mọ̀. Bí ilé bá ti lé lógójì ọdún, ẹ mú un pé òun ni. Bó bá wà láìfọ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Eruku rẹ̀ ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí àìsàn rẹ̀ sì máa ń fara hàn lẹ́yìn ogún sí ogójì ọdún. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má dá ihò sí i, ẹ má fi sáńpépà ha á. Ẹ fi rólà kun ọ̀dà olómi funfun lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Bí ibì kan bá ti fọ́, ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí i kó rin dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ di àfọ́kù rẹ̀ sí ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì, kí ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀.

Yàrá mi gbóná bí ààrò. Kò sí owó ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ wo ìhà tí fèrèsé kọjú sí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ló burú jù, ó ń ràn mọ́ ògiri, ògiri á sì máa tú ooru náà jáde di òru. Kọ́tìnnì inú ilé kì í dá a dúró tán, nítorí ooru ti kọjá gíláàsì wọlé kó tó pàdé rẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti dá a dúró: ẹní tàbí ọparun lílà tí ẹ so kọ́ iwájú fèrèsé, tó fi àlàfo ọwọ́ kan jìnnà sí gíláàsì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, alẹ́ ẹ ká a sókè.

Nípa fèrèsé, ẹ má yára yọ lúfà. Lúfà máa ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Àṣà ló ń mú káwọn èèyàn máa yọ lúfà, kì í ṣe ìtura. Ẹ kàn pààrọ̀ gíláàsì tó fọ́, ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì, torí nẹ́ẹ̀tì tó kún fún eruku kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Atẹ́gùn nílò ọ̀nà méjì, ibi tó máa gbà wọlé àti ibi tó máa gbà jáde. Bí fèrèsé bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ yọ pákó òkè ilẹ̀kùn kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Àwọn tó kọ́ ààfin àtijọ́ ti Déjì, ọba Àkúrẹ́, pẹ̀lú àgbàlá káàkiri inú rẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Lóru, nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ẹ gbé fáànù sójú fèrèsé kó kọjú síta, yóò lé ooru jáde, atẹ́gùn tútù á sì gba fèrèsé kejì wọlé.

Iná ńkọ́?

Gílóòbù LED wáàtì 9 ń tàn tó ògbólógbòó gílóòbù pupa wáàtì 60. Bí mẹ́fà bá ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ti àtijọ́ ń jẹ yúníìtì 1.8, LED ń jẹ 0.27. Lára páálí rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó ní K: 2700 sí 3000 ń tàn pupa rúsúrúsú, ó dára fún pálọ̀ àti iyàrá, 6500 funfun kangan, ilé ìdáná ló yẹ. Ọ̀pọ̀ yàrá tó dà bí ilé ìwòsàn lálẹ́, 6500 ló wà níbẹ̀. Igbá tí a dá ihò sí lára máa ń di ìbòjú iná tó rẹwà, LED nìkan ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, gílóòbù gbígbóná yóò jó o.

Èyí tí wọ́n lọ́ bí ìgbín, tí a ń pè ní ẹnají séfà, ní mẹ́kúrì nínú. Bó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi páálí kó o, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Pákó wo ni kí n rà ní sọ́mìlì?

Igi tí a gbìn ni kí ẹ fi ṣáájú: mẹ̀láínà àti tíìkì. Igbó ọba Olúwa níhà Ọmọ́tọ́ṣọ̀ ní oko mẹ̀láínà tó gbòòrò, ìpínlẹ̀ wa níbí ni. Ìrókò àti apá ti ń tán nínú igbó, wọ́n sì wọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn ìta. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ má fi ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ láìfi oògùn sí i.

Ẹ béèrè ẹ̀kù pákó. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré kò wúlò fún oníbárà ńlá, ó sì tó yín ṣe pẹpẹ ìwé. Pákó oní-íǹṣì kan kò gbọ́dọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ láàárín ìdúró méjì bí ìwé bá máa wà lórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tẹ̀.

Ìṣòro gidi ni pé tútù ni wọ́n ń tà á. Pákó tútù tí ẹ fi ṣe tábìlì lónìí yóò lọ́ wíríwírí bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ tò ó sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kun ojú orí rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọ̀dà kó má baà là. Oní-íǹṣì kan máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́rin. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ: ẹ mú ẹyọ kan, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ọjà, ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó yá.

Ọparun pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ kòkòrò ń sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Kí ni mo lè ṣe?

Sítáàṣì inú rẹ̀ ni kòkòrò náà ń wá jẹ. Nítorí náà, ẹ gé e lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí sítáàṣì rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ sì gé èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀dọ́ rẹ̀ máa ń dán, ó ní àtíkè funfun lára. Èyí tó gbó kì í dán mọ́, ó ní àbààwọ́n, ó sì ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ẹ bá kàn án.

Oògùn rẹ̀ jẹ́ bóráàsì àti ásíìdì bóríìkì, àwọn tó ń ta kẹ́míkà ní in. Fún omi lítà 20: bóráàsì gíráàmù 720, ásíìdì bóríìkì gíráàmù 480. Ẹ fi omi gbígbóná yọ́ wọn ná. Ọparun tí a ti là sí méjì tàbí mẹ́rin á wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún; odindi gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi irin gígùn dá ihò gba gbogbo oríkèé rẹ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn kò ní dé inú. Àwọn èèyàn ń ṣe wàhálà nítorí ibi tí wọ́n máa rẹ ẹ́ sí. Páìpù PVC oní-íǹṣì 4 tó gùn ní mítà 2, tí ẹ dí ìdí rẹ̀, tí ẹ gbé nàró sára ògiri, kò gbà ju lítà 16 lọ, bí ọparun bá sì ti wọ inú rẹ̀, oògùn tí yóò kún un tún dín. Ibòji ni kí ẹ ti sá a, oòrùn yóò là á. Kí ẹ tó kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ fi dírìlì lu ihò. Ìṣó tààrà yóò fà á ya.

Májèlé ni oògùn náà bí ọmọ bá mu ún. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga tàbí oko ẹ̀fọ́.

Pálẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, ńkọ́?

Ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀. HT: iná ni wọ́n fi yá a, kò léwu. MB: gáàsì olóró ni wọ́n fi sí i lára, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ tàbí tí epo ti ta sí, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ má fi irin yọ ìṣó rẹ̀, pákó á là. Ẹ fi ayùn irin gé ìṣó láàárín pákó méjì.

Mo rí àga àlòkù tó dínwó. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Férémù ni kí ẹ rà, kì í ṣe aṣọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì kò bá tẹ̀ lé e, férémù ti jó rẹ̀yìn. Ẹ fi eékánná tẹ igi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá wọlé tàbí tí ìyẹ̀fun ń dà, kòkòrò ti gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìdun. Ẹ tan iná sí ojú ìrán àti ihò ìṣó, ẹ wá àmì dúdú bí ojú bírò. Bí ó bá wà, ẹ tú aṣọ àti fóòmù kúrò pátápátá, ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé férémù, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí ẹyin rẹ̀ á ti pa. Oòrùn nìkan kò tó fún fóòmù tó nípọn, inú rẹ̀ kì í gbóná tó. Ẹ má fọ́n oògùn DDVP sórí ohun tí èèyàn yóò jókòó lé, ẹ má sì jó fóòmù, èéfín rẹ̀ ń pani.

Àga oníjókòó mẹ́ta gba nǹkan bíi yáàdì 7 sí 8 aṣọ àga oní-íǹṣì 54. Rẹ́gisíìnì dínwó, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bó bí awọ ejò nínú ooru wa. Aṣọ híhun tó le ni kí ẹ lò. Kíjìpá dára gan-an bí ẹ bá rí i, òun ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ oko láyé àtijọ́, kì í tètè gbó.

Ṣé àdìrẹ lè ṣe kọ́tìnnì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Yáàdì 5 tó fèrèsé oníbùú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Yáàdì 5 jẹ́ mítà 4.57, bí ẹ bá gé e sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2.28; ẹ ká òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò ku bíi mítà 2.1. Ìbú aṣọ méjèèjì pọ̀ jẹ́ bíi mítà 2.28, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì fèrèsé, èyí tó ń jẹ́ kó ṣẹ́po dáadáa.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rán an, yóò súnkì. Omi tútù, lọ́tọ̀, títí omi á fi mọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ní ó ń mú aró dúró kò ṣe nǹkan kan fún àdìrẹ tí kò di àwọ̀ mú láti ilé aláró. Ẹ rán tẹ́ru funfun mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn á ti mú un ṣá kí ọdún kan tó pé.

Ilẹ̀ yàrá mi jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, kò sówó táìsì.

Bó bá ti fọ́, ẹ tún un rẹ́ pẹ̀lú ọ̀sáìdì pupa: kílò 2.5 fún àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50. Kí ó má kọjá kílò 5, ilẹ̀ náà kò ní lágbára. Ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì ní gbígbẹ kí omi tó kàn án, ẹ po gbogbo èyí tó máa lọ sí yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìpòpọ̀ kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba láwọ̀. Ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ méje.

Ẹní sàn ju rọ́ọ̀gì lọ nígbà òjò. Rọ́ọ̀gì ń mu omi láti ilẹ̀, ó ń bu lábẹ́, ẹ ò sì ní rí i títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹní, ẹ ó ká a, ẹ ó sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ṣé òdòdó inú ilé ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́?

Kò tó ohun tí wọ́n ń pariwo. Ìwádìí tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1989, tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Fèrèsé tí ẹ ṣí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ju ìkòkò òdòdó mẹ́wàá lọ. Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní ọ̀já ìkookò kò fẹ́ omi púpọ̀, ẹ lè wú u lẹ́yìnkùlé láìná kọ́bọ̀. Ẹ da omi abẹ́ ìkòkò rẹ̀ nù kí ẹ̀fọn má yé sí i.

Ṣé mo lè fi táyà àtijọ́ ṣe àga?

Síta, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ilé, rárá. Ó ń rùn nínú ooru, bí iná bá sì mú un, kò rọrùn láti pa.

Ayálégbé ni mí. Kí ni mo lè ṣe tí lánlọ́ọ̀dù kò ní jogún?

Ohun tó lè bá yín lọ: pẹpẹ tó dá dúró lórí ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ kàn mọ́ ògiri; gílóòbù LED, kí ẹ tọ́jú ti lánlọ́ọ̀dù láti dá a padà; kọ́tìnnì, ẹní, ọ̀pá ọparun. Ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì kì í kúrò níbẹ̀. Kí ẹ tó ná owó sí wọn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí rìsíìtì sì wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí.